Ta ni "wọ́n" nínú "wọ́n ní"?

Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ ní àwọn ọmọ SS2 yín kàn ń da ohun tí Google bá kọ́kọ́ gbé jáde kọ sínú iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ fòfin de fóònù. Mo ti ṣe é rí. Kò ràn mí lọ́wọ́. Ìwé ara wọn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jí kọ.

Èmi gan-an ni ẹ̀kọ́ yìí kọ́kọ́ dé bá. Ní oṣù kẹjọ 2014, nígbà tí Ebola ti wọ Èkó, àtẹ̀jíṣẹ́ kan bá mi ní ìdájí: wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu díẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. N kò tíì bọ́jú tí mo fi fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí ọmọ kíláàsì mi. Ìyá àgbà ọmọ kan tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru mu ife méjì, ọsibítù ni wọ́n gbé e lọ. Ó yè é, ọpẹ́ ni. Kò pẹ́ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde pé, ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ mímu. Nígbà tí màmá ọmọ náà bi mí pé, "Tíṣà, ta ló sọ fún yín?", mo wá orúkọ tí n ó dá, n kò rí.

Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò lè sọ "wọ́n ní" ní kíláàsì mi kí a má bi í pé, "Ta ni wọ́n?"

Iṣẹ́ tó là wọ́n lójú jù ni ti Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Ọmọ 34 ló kọ ọ́ pé òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wa mọ́tò ní Nàìjíríà. Mo ní kí wọ́n lọ wádìí ibi tí ojú ewé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ti gbọ́ ọ. Gbólóhùn kan náà ni wọ́n ń bá níbi gbogbo, kódà àṣìkọ kan náà. Wọ́n ti rò pé ogún ẹlẹ́rìí làwọn ní. Ẹnìkan ló dá orin, elégbè ni àwọn yòókù.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọmọbìnrin kan ka Wikipedia dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ó sì bá ìwé ìtàn ìgbésí ayé màmá náà tí Cheryl Johnson-Odim àti Nina Mba kọ ní 1997 pàdé. Abẹ́òkúta ni ọ̀rọ̀ náà mọ: òun ló kọ́kọ́ wa mọ́tò nínú àwọn obìnrin ibẹ̀. Ariwo sọ! Gbogbo wọn fẹ́ mọ ibi tí Abẹ́òkúta ti di Nàìjíríà lójú ọ̀nà. Ọmọ kan bínú pé a ti bu iyì màmá kù. Mo ní ká wo èyí tó ní ẹ̀rí: ìjà owó orí tí màmá ṣíwájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jà, tó mú kí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá kúrò lórí oyè ní 1949. Àwọn ìwé màmá fúnra rẹ̀ ṣì wà ní ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìṣèlú tàbí ẹ̀sìn bẹ̀rẹ̀. Mo dán an wò, ìjà ló dà. Nínú máàkì mẹ́wàá, mo máa ń fún wọn ní mẹ́fà lórí ọ̀nà tí wọ́n gbà rí ìdáhùn. Bí dátà bá wọ́n wọn, ẹ tẹ ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì mẹ́ta péré jáde sórí bébà, ó tó ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.