Ohùn Dùndún Ń Pẹ́ Kó Tó Dé Etí

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ kékeré kan ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo. Linux ni mo ń lò, pẹ̀lú sound card USB. Bí onídùndún mi bá ti wọ headphone, á ní ìlù òun ń pẹ́ dé; ó ti di pé kó ṣí etí kan sílẹ̀ kó tó lè lù ú. Ọ̀rẹ́ mi ní dída ohùn kọ láti ibì kan sí ibòmíràn nínú memory ló fà á, pé kí n wá driver (software tó ń darí card) tí kì í dà á kọ. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ọ̀rẹ́ rẹ kò parọ́, àmọ́ kì í ṣe olè gan-an ló mú.

Bí software bá ránṣẹ́ sí ALSA, apá tó ń bójú tó ohùn nínú Linux, lọ́nà tó wọ́pọ̀, kernel, ọkàn Linux gan-an, á da ohùn náà kọ sínú àyè tirẹ̀ kí card tó kó o. Bí PulseAudio, software tó ń gba ohùn lọ́wọ́ àwọn app kó tó fi ránṣẹ́ sí ALSA, bá tún wà láàárín, àdàkọ míì nìyẹn. Mmap ló ń gé e kúrò: software á máa kọ ohùn tààrà síbi tí card ti ń kó o. Windows náà ṣe irú rẹ̀ nígbà tí Vista dé, wọ́n pè é ní WaveRT.

Ó yá, ká ṣírò. Ohùn sítẹ́rẹ́ò 16-bit ní 48,000 Hz kò ju 192,000 byte lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Memory òde òní ń gbé ọ̀pọ̀ gigabyte láàárín àkókò yẹn. Àdàkọ mélòó ni yóò dá a lágara?

Ìdúró ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Buffer, àyè tí ohùn ti ń dúró nínú memory, ò yàtọ̀ sí ọkọ̀ Old Garage: bí èrò ò bá kún, kò ní gbéra. Bí o bá fi í sí 1024, ìyẹn iye ègé ohùn tó gbọ́dọ̀ kún un, millisecond 21 ti lọ lórí wíwọlé máìkì nìkan. Jíjáde sí headphone, tí ó sábà máa ń to méjì léra, á gba bíi 43 míì. Akọrin lè fara dà á, onílù? Kò jẹ́ gbà.

Ohun tí mo kórìíra nínú àdàkọ ni pé kì í sábà dá wá, ó máa ń mú buffer tirẹ̀ dání. Nítorí náà, yọ PulseAudio kúrò láàárín bí o bá ń gba ohùn sílẹ̀. Lo JACK, software ohùn tó máa gba ipò rẹ̀; mmap ló fi ń bá ALSA ṣe:

jackd -d alsa -d hw:1 -r 48000 -p 128 -n 3

Fi aplay -l wo nọ́ńbà card rẹ kí o tó kọ hw:1. Pẹ̀lú buffer 128 (-p) mẹ́ta (-n) tó to léra, jíjáde á bọ́ sí millisecond 8. Bí ohùn bá ń já, gbé 128 sí 256. Driver USB fúnra rẹ̀ ṣì máa ń da ohùn kọ sínú ẹrù tó ń gba wáyà lọ, mmap o, kò sí mmap o. Fi ìyẹn sílẹ̀, kò pa ọ́ lára.

Àmọ́ bí headphone yẹn bá jẹ́ ti Bluetooth, gbogbo ìṣirò mi ti wọgbó. Lọ ra oníwáyà.