Òsúkè ìkókó: ṣé kí n fún un lómi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Nọ́ọ̀sì. Ọmọ mi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bó bá ti mu ọmú tán, òsúkè á bẹ̀rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ á máa fò. Ìyá ọkọ mi ní omi díẹ̀ ló máa dá a dúró. Ṣé kí n fún un?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọwọ́ lómi, ìyá ìkókó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un lómi. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò nílò rẹ̀. Ikùn rẹ̀ kéré, omi á gba àyè wàrà, bó bá sì pọ̀ jù, ó lè dín iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kù dé ibi tó léwu. Ẹ fi sùúrù ṣàlàyé fún Màmá. Ìfẹ́ ọmọ ló ń ṣe wọ́n.

Iṣan pẹlẹbẹ kan ló pààlà àyà àti ikùn, òun la fi ń mí. Bí ikùn bá kún, tàbí tí ọmọ gbé afẹ́fẹ́ mì mọ́ wàrà, iṣan yìí lè súnkì lójijì, ọ̀nà ọ̀fun á pa dé, ni òsúkè bá dún. Kì í sábà dùn wọ́n rárá. Inú oyún gan-an ni wọ́n ti ń ṣe é: bí ẹ bá rántí ohun kan tó ń fò níwọ̀n déédéé nínú yín, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òsúkè.

Bó ṣe ń mu ọmú ni kí ẹ mójú tó. Ẹ má dúró dìgbà tí yóò fi máa ké tantan, nítorí ẹkún náà ń fún un ní afẹ́fẹ́ gbé mì. Bí ẹ bá ń pààrọ̀ ọmú, ẹ jẹ́ kó gùfẹ̀: ẹ gbé e jókòó sórí itan, kí àyà rẹ̀ fara ti àtẹ́lẹwọ́ yín, kí ìka yín gbé àgbọ̀n rẹ̀ dúró láìkan ọ̀fun, kí ẹ wá máa fọwọ́ kejì pa á lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Tó bá yó, ẹ gbé e nàró sí èjìká fún bí ìṣẹ́jú 20.

Bí òsúkè bá ti dé, ẹ fún un lọ́mú bó bá fẹ́. Bí kò bá fẹ́, ẹ fi í sílẹ̀, á lọ fúnra rẹ̀. Ẹ má dẹ́rù bà á, ẹ má fa ahọ́n rẹ̀, ẹ má sì tẹ àwùjẹ̀ rẹ̀.

Bó bá ń dí i lọ́wọ́ oúnjẹ àti oorun lójoojúmọ́, tó ń bì púpọ̀, tí kò sì sanra sí i, ẹ gbé e lọ rí dókítà. Ṣùgbọ́n bí èébì rẹ̀ bá ní àwọ̀ ewé, tí ètè rẹ̀ di búlúù, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná tó 38°C, ẹ má dúró dọ̀la, ilé ìwòsàn lọ́gán.