Sìmẹ́ńtì Jíjá àti Ẹ̀yìn Ríro

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Sìmẹ́ńtì ni èmi àti ẹnì kejì mi ń já láti inú tírélà sí ìsọ̀ ọ̀gá wa. Bí mo ṣe gbé àpò kan nílẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ̀yìn mi ké gbàmù, ìrora náà sì ń ta dé àtẹ́lẹsẹ̀ òsì. Wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, mo mu agbo tì. Kí ni kí n ṣe?
— Alábàárù, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìrora tó bá gba ìdí sọ̀kalẹ̀ dé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo kì í sábà jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí. Ohun kan bíi tìmùtìmù wà láàárín eegun ọ̀pá ẹ̀yìn; bó bá yọ síta, á tẹ iṣan tó lọ sí ẹsẹ̀.

Bí abẹ́ yín bá kú tipiri, tí ìtọ̀ kò jáde tàbí tó ń dà fúnra rẹ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ méjèèjì ń rọ, ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró dọ̀la. Bí kò bá sí èyí, ẹ má gbé ẹrù, ṣùgbọ́n ẹ má sùn kalẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ gun ẹ̀yìn yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo tramadol láti fi ru ẹrù: kò wo nǹkan kan sàn, ẹ kàn kò ní í mọ ìgbà tí ẹ tún ń ṣe ara yín léṣe ni.

Tírélà alápò 600, kílò 50 ọ̀kọ̀ọ̀kan, tọ́ọ̀nù 30 ni. Ẹ̀yin méjì ẹ pín in, tọ́ọ̀nù 15 kan ẹnì kan. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àpò kílò 25 ni wọ́n ń tà. Síbẹ̀, kì í ṣe ìwúwo nìkan. Ẹ wo ẹni tó ń gbé àpò ìsàlẹ̀: ó tẹ̀ ba, ó na apá, ó fà á sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró gbọn-in, ìbàdí nìkan ló yí. Yíyí yẹn pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́ ló ń ṣe ẹ̀yìn léṣe jù.

Kí ẹnì kan wà lórí ọkọ̀, kó fa àpò dé etí, kó rọra gbé e lé yín léjìká; kó má jù ú. Ẹ ṣí ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ tó yí. Ẹ to pákó sílẹ̀ ní ìsọ̀, kí àpò má kan ilẹ̀ (ọ̀rinrin kò sì ní í mú kí sìmẹ́ńtì dì), kí òkìtì má ga kọjá àyà. Bí ilẹ̀ bá tẹ́jú, wílíbárò ni.

Òfin ẹ̀san òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 kan lébìrà ojúmọ́ náà. Láàárín ọjọ́ 14 ni kẹ́ ẹ sọ fún ọ̀gá. Òun náà ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ẹ̀san òṣìṣẹ́, létí. Ẹ kọ orúkọ, ọjọ́, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti bó ṣe ṣẹlẹ̀ síwèé, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan.