Báwo ni mo ṣe lè mọ gíga bàálù dájú nígbà tí a bá ń bọ̀ nílẹ̀?

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ́ Airbus A320 lọ́wọ́ nínú simulator. Bí a bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ìkùukùu, eré bàálù, táyà àti ọ̀rọ̀ rédíò máa ń gba gbogbo ọkàn mi. Kí n tó wo gíga, a ti wálẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Kí ni kí n máa ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò, fi rédíò sílẹ̀ fún ẹnì kejì rẹ, kí o sì ti parí ọ̀rọ̀ táyà àti flap (apá ìyẹ́ tí a ń nà síta fún ìbalẹ̀) kó tó ku 1,000 ẹsẹ̀ bàtà. Lẹ́yìn náà, máa fi jíjìn rẹ sí pápá yẹ gíga wò. Níbi tí a bá ti ń sọ̀ ní 3 degree, máìlì òkun kan ń jẹ nǹkan bí 300 ẹsẹ̀ bàtà. Bó bá ku máìlì márùn-ún, o yẹ kó o wà ní nǹkan bí 1,500 lókè pápá. Ṣírò rẹ̀ sílẹ̀ kó o tó débẹ̀, sì sọ ọ́ sókè.

Èyí nìkan ò tó o. Altimeter, ẹ̀rọ tó ń fi gíga hàn, kò rí ilẹ̀. Ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ló ń wọ̀n, ó ń fi í wé QNH (iye ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ní ìpele òkun) tí ẹ̀yin fúnra yín yí sí i. Bí QNH bá ti ṣìnà, jíjìn àti gíga á bára mu rẹ́gí, irọ́ ni wọ́n á sì jọ máa pa.

Ó ṣẹlẹ̀ ní Charles de Gaulle ní Paris, ní oṣù karùn-ún 2022. A320 kan ń bọ̀ láti Stockholm nínú òjò. ILS (àmì rédíò láti ilẹ̀ tó ń tọ́ bàálù dé ojú ọ̀nà) ò ṣiṣẹ́, altimeter ni wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀. QNH jẹ́ 1001 hectopascal, àmọ́ 1011 ni ẹni tó ń darí wọn láti ilẹ̀ pè. Mẹ́wàá péré yẹn tó nǹkan bí 280 ẹsẹ̀ bàtà! Wọn ò rí ojú ọ̀nà, wọ́n gòkè padà. Níbi tí bàálù ti sún mọ́lẹ̀ jù, ẹsẹ̀ bàtà 6 ló kù, wọn ò sì tíì dé pápá.

Radio altimeter ni kó o sọ di ọ̀rẹ́. Ìgbì rédíò ló ń jù sí ilẹ̀, QNH ò kàn án. Bó bá ti jí ní 2,500 ẹsẹ̀ bàtà, pè é sókè, kó o sì wo altimeter. Ní Ìkẹjà, tí pápá rẹ̀ ga tó 135 ẹsẹ̀ bàtà, altimeter yẹ kó wà ní nǹkan bí 2,600. Ní Àbújá, tí pápá tiẹ̀ ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, bíi 3,600. Òkè máa ń da ìṣirò yìí rú, ti Àbújá ní pàtàkì, torí náà tún wò ó ní 1,000.

Gba QNH láti ẹnu ATIS (ìkéde ojú ọjọ́ pápá lórí rédíò) àti ẹnu ẹni tó ń darí yín. Bí méjèèjì ò bá dọ́gba, má tijú, bi í léèrè kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ síwájú sí i.