Ohun tí ojú mi rí nídìí iṣẹ́ kíkọ ọ̀sẹ̀ méjìlá

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní olùkọ́ yín ní kí ẹ máa kọ nǹkan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí sáà ẹ̀kọ́ yìí yóò fi parí, kí ẹ sì máa gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á. Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí o ti ń wo fóònù, tí fóònù náà ń wò ọ́, lo bá ní bóyá kí o kúkú jẹ́ kí ẹ̀rọ AI bá ọ kọ ọ́. Mo ti jẹ irú ìyà yẹn rí. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣe mí.

Ọdún 2019 ni. Mo wà ní ọdún kejì NCE ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kan, Yorùbá ni mo ń kà. Nínú kọ́ọ̀sì àròkọ wa, máàkì 40 ni a máa ń gbà ká tó wọ ìdánwò, iṣẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ yìí ló sì kó 20 nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 12, ọ̀rọ̀ 300 lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì gbọ́dọ̀ ti wà lójú ewé kíláàsì kí agogo 12 òru ọjọ́ Jímọ̀ tó lù. Olùkọ́ wa, obìnrin ni wọ́n, Ìyá Àmì la máa ń pè wọ́n lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ tí o kò bá fi àmì ohùn sí, wọn kì í kà á mọ́ iye. Tí o bá kọ 300 tí 60 wà níhòòhò, 240 lo kọ nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, mo kọ “Ìwà ìbàjẹ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà”, mo kọ “Àǹfààní ẹ̀kọ́ ìwé”, mo tún kọ “Ipa àwọn ọ̀dọ́ láwùjọ”. O mọ irú rẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn baba ńlá wa báyìí báyìí. Lónìí, ayé ti bàjẹ́. Nítorí náà, mo rọ ìjọba. Nínú 10, mo gba 4, mo tún gba 4, lẹ́yìn náà mo gba 3. Lábẹ́ ẹ̀kẹta, Ìyá Àmì kọ ìbéèrè méjì: “Ta ló ń sọ̀rọ̀? Níbo ló dúró sí?” Inú bí mi. Gbogbo àmì mi ló pé, kò sí gbólóhùn tó wọ́, kí ni wọ́n tún ń fẹ́?

Ní kíláàsì ọ̀sẹ̀ náà ni wọ́n sọ ìtàn ìwé ìròyìn Akéde Èkó fún wa. Láàárín ọdún 1929 sí 1930, I. B. Thomas tó ni ìwé ìròyìn náà ń tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde níbẹ̀ tẹ̀lé ara wọn. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá ló ń fọwọ́ sí wọn, ó ń jẹ́wọ́ ìgbésí ayé tí òun ti gbé láàárín àwọn ọkùnrin, àti bí àìsàn ṣe wá dá òun gúnlẹ̀. Àwọn òǹkàwé gbà pé èèyàn gidi ni. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Ìyá Àmì bi wá pé kí ló dé táwọn ará Èkó fi gbà á gbọ́. A dákẹ́. Wọ́n ní nítorí pé ó ń dárúkọ àdúgbò, ó ń dárúkọ orin táwọn èèyàn ń kọ nígbà náà, ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn mọ ibi tó ń sọ. Wọ́n tún ní nítorí pé ẹjọ́ ara rẹ̀ ló ń rò. Apá ìkejì yìí, n kò gbọ́ ọ dáadáa. Apá “dárúkọ ibẹ̀” nìkan ni mo gbé lọ sílé.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin, iná lọ ní Ọjọ́rú, kò dé mọ́. Nígbà tó fi máa di agogo 9 alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, bátìrì fóònù mi ti ku 18 nínú 100, n kò sì tíì mọ ohun tí n ó kọ. Ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ màmá mi ni mo jókòó sí n’Ìbàdàn, wọ́n ń palẹ̀ mọ́. Gàrí àti èlùbọ́ ni wọ́n ń tà. Wọ́n dojú kóńgò dé orí àpò, ni mo bá rí ìdí rẹ̀, ó jìn wọnú bí abọ́ ọbẹ̀. Wọ́n ti gbá a wọlé láti ìgbà tí mo ti wà ní pírámárì, gbogbo ọjà ló sì ń ṣe é. Oníṣòwò tí ìdí kóńgò tirẹ̀ bá tẹ́jú pẹrẹsẹ, àfi kí ó pe gàrí rẹ̀ ní iye tó ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, oníbàárà kò sì ní dúró gbọ́ àlàyé ìdí; iye tó bá gbọ́ ló máa gbé e sá lọ sí ìsọ̀ kejì. Torí náà, ìdí á máa wọnú. Màmá mi á bu gàrí, wọ́n á rọ́ ọ gègèrè, wọ́n á tún fọwọ́ bu ènì lé e, oníbàárà á máa súre. Ènì tó ń torí rẹ̀ súre yẹn, ìdí kóńgò ti gbà á ṣáájú.

Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn, pẹ̀lú orúkọ ọjà, pẹ̀lú ìlà ìsọ̀ wọn. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú 40. N kò rọ ìjọba kankan. Mo gba 9.

Ọmọ kíláàsì wa kan béèrè lábẹ́ rẹ̀ pé, “Ṣé màmá rẹ mọ̀ pé o kọ èyí?” Mo dáhùn pé màmá mi kì í lo íntánẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ ni, àmọ́ ọmọ àbúrò wọn tó wà l’Ékòó ń lò ó. Ẹnìkan fi í ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ó ka orúkọ mi níbẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ló bá pe màmá mi láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé ẹ wá gbọ́ ohun tí ọmọ yín kọ. Màmá mi ń wọn gàrí lọ́wọ́, wọ́n bá tẹ ohùn rẹ̀ síta. Oníbàárà kan dúró níwájú wọn, ó mú ọ̀rá dání. Wọ́n ní obìnrin náà kò sọ nǹkan kan. Ó kàn gbé kóńgò, ó yí i, ó wo ìdí rẹ̀, ó gbé e padà jẹ́jẹ́, ó sì lọ.

Nígbà tí mo dé ilé lọ́jọ́ Sátidé, wọn kò pariwo. Ì bá dára kí wọ́n pariwo. Wọ́n ní, “O fi ìdí kóńgò mi han ayé. Ṣebí owó ìdí kóńgò náà lo fi ń lọ ilé ìwé?” Mo dọ̀bálẹ̀, àǹtí mi àgbà bá mi bẹ̀ wọ́n. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, “ẹ káàárọ̀, ẹ kúulé” nìkan ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wa. Mo ti yọ ọ́ kúrò lójú ewé o, àmọ́ àwòrán rẹ̀ ti wà nínú fóònù àwọn ẹlòmíràn.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Ìyá Àmì lọ. Èrò mi ni pé wọ́n á ní ǹ bá má dárúkọ ọjà. Wọ́n kàn tún bi mí pé, “Nínú ohun tó o kọ yẹn, níbo lo dúró sí? Ta ló jẹ gàrí náà dàgbà?” Ẹnu mi wọhò. Mo ti kọ ọ́ bí oníbàárà tí wọ́n rẹ́ jẹ, èmi tí wọ́n fi èrè rẹ̀ san owó ilé ìwé fún. Mo ní kí ló dé tí wọ́n wá fún mi ní 9. Wọ́n ní àwọn kò mọ̀ bóyá mo ti gba àṣẹ nílé, àti pé ojú mi ríran dáadáa lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ ibi tí mo dúró sí ló kù.

Èyí gan-an ni mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn, ju ọ̀rọ̀ máàkì lọ. Ó rọrùn láti kọ nípa ẹni tí kò ní rí i kà. Tí o bá fẹ́ kọ nípa èèyàn rẹ, kà á sí wọn létí kó tó jáde. Mi ò sọ pé torí ojú rere nìkan o. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, mo bẹ màmá mi kí wọ́n jẹ́ kí n tún ìtàn yẹn kọ láìdárúkọ ọjà, kí n sì jẹ́wọ́ pé èmi fúnra mi ni mo máa ń di kóńgò mú nígbà tí wọ́n bá ń fi òkúta gbá ìdí rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ dé òpin. Wọ́n ní, “Òkúta wo? Ọmọ odó ni. Òkúta á lu ú.” Mo ti fi òkúta sínú ti àkọ́kọ́, gbogbo kíláàsì sì ti gbà á gbọ́! Mo gba 8 lọ́jọ́ náà, nítorí mo kọ “odò” dípò “odó”, Ìyá Àmì sì ní kò sí ọmọ odò ní ilé wa.

Ọ̀rọ̀ àmì, má fojú kéré rẹ̀. Fi bọ́tìnnì Yorùbá ti Gboard, áàpù ìtẹ̀wé Google, sórí fóònù rẹ, kọ iṣẹ́ rẹ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́rú, kí o tó gbé e lọ. Tí o bá lọ ṣí i ní káfẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tó ti gbó, o lè rí àpótí kéékèèké dípò ẹ́ àti ọ́. Ìwọ kọ́ lo ṣì í kọ. Lẹ́tà “ẹ” tó gbé àmì ohùn lórí kò ní kóòdù kan ṣoṣo tirẹ̀, kọ̀ǹpútà á ka ẹ, á tún ka àmì tó gùn ún, èyí tó bá ti dàgbà jù lè má mọ bó ṣe ń gbé wọn pọ̀. Èmi, ìkánjú ló kó bá mi. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo kọ pé mo ra ọkọ́ tí n ó fi ro ẹ̀yìn ilé, àmọ́ mo gbàgbé àmì. Ohun tí gbogbo kíláàsì kà ni: “Mo ra ọkọ tuntun ní Ọjà Ọba, ẹnu rẹ̀ mú ṣáṣá.” Ìyàwó ni wọ́n ń pè mí títí a fi jáde.

Ní ti ẹ̀rọ tí o béèrè, nígbà tiwa kò tíì sí i, àmọ́ mo ń kọ́ àwọn ọmọ JSS báyìí, mo sì ń rí i lọ́wọ́ wọn. Yóò kọ ọ̀rọ̀ 300 fún ọ kí o tó mumi tán. “Ìwà ìbàjẹ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà” ni yóò kọ, yóò sì rọ ìjọba. Gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Lọ jókòó síbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́, ilé ìdáná, ọ̀dọ̀ télọ̀, ìdí ọkọ̀, kí o wo nǹkan kan títí yóò fi sú ọ.

Kóńgò yẹn ṣì wà. Màmá mi ra tuntun lọ́jà, wọ́n gbé ti àtijọ́ wá sílé, òun la fi ń wọn ìrẹsì tí a fẹ́ sè. Tí mo bá ní oúnjẹ kò tó, wọ́n á ní kí n lọ kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.