Ẹ Bi Mí: Báwo La Ṣe Ń To Àmì Ẹ̀yẹ Òṣèré?

Ìbéèrè: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ pé oyè OFR ni ìjọba àpapọ̀ fún Alàgbà Olú Jacobs, òṣèré, pé MFR sì ni ti ìyàwó wọn, Joke Silva, tí òun náà jẹ́ òṣèré. Èwo ló ga jù nínú méjèèjì? Èmi àti ọkọ mi ti jiyàn rẹ̀ títí. — *Ìyá Ìbejì, Ìlọrin*

Èsì: OFR ló ga jù. Bí oyè ìjọba àpapọ̀ ṣe tẹ̀léra láti òkè wá sílẹ̀ nìyí: GCFR, GCON, CFR, CON, OFR, OON, MFR, MON. Láti 1964 ni òfin rẹ̀ ti wà. Alàgbà Jacobs gba OFR ní 2011, Joke Silva gba MFR ní 2014. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyẹn díwọ̀n iṣẹ́ àwọn méjèèjì. Ní AMAA, ìdíje àmì ẹ̀yẹ fíìmù ilẹ̀ Áfíríkà, níbi tí ìgbìmọ̀ adájọ́ ti ń jókòó wo fíìmù, ìyàwó ló kọ́kọ́ gba àmì ẹ̀yẹ olú òṣèrébìnrin, ní 2006, fún *Women's Cot*. Ní 2007 ni ọkọ tó gba ti olú òṣèrékùnrin, fún *Dancing Heart*.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin Màmá wa, bàbá mi yóò pé ọgọ́rin ọdún lóṣù tó ń bọ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń ṣeré orí ìtàgé, wọ́n sì bọ́ sínú sinimá nígbà tó yá. A ń ṣe ìwé kékeré tí a ó pín fún àwọn àlejò. Àpótí kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn tí àmì ẹ̀yẹ kún inú rẹ̀: ti ìjọba ìbílẹ̀, ti ẹgbẹ́ òṣèré, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti ilé-ẹ̀kọ́ girama kan. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ká yọ àwọn kéékèèké kúrò kí ìwé náà lè níyì. Wọ́n tún ní ká kọ "wọ́n gbà á" sí ìdíje kan tí orúkọ Bàbá wọ̀ àmọ́ tí ẹlòmíràn gbégbá orókè. Ọkàn mi ò gbà á. Báwo ni ká ṣe tò ó? — *Ọmọ Eléré, Ìbàdàn*

Èsì: Ọmọ mi, o kú ìmúra. Bàbá á ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ lágbára Ọlọ́run.

Ti ìdíje yẹn ni ká kọ́kọ́ yanjú. Òótọ́ ni ọkàn rẹ ń sọ. Kí orúkọ èèyàn wọ ìdíje, iyì ni, ẹ sì kọ ọ́ bó ṣe jẹ́: "wọ́n yàn wọ́n mọ́ àwọn tó du àmì ẹ̀yẹ náà." Ẹni tó gbà á lọ́jọ́ náà lè wà lára àwọn tí yóò jókòó sábẹ́ àtíbàbà yín. Ẹ má fi irọ́ kan ba ọgọ́rin ọdún òtítọ́ jẹ́.

Mo ti ka ìwé ọjọ́ ìbí àti ìwé ìsìnkú òṣèré tó pọ̀, ohun kan náà ló máa ń dùn mí nínú wọn. Wọn á to àmì ẹ̀yẹ tó tó ogún sílẹ̀, àmọ́ bí o bá kà á tán, o ò ní mọ eré tí ẹni náà ṣe. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe ni kí o kọ iṣẹ́ tó bí àmì ẹ̀yẹ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Jẹ́ kí n fi Alàgbà Jacobs tí mo dárúkọ lókè ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ Ẹ̀gbá ni wọ́n, Kánò ni a bí wọn sí ní 1942. Ní Kánò níbẹ̀ náà ni wọ́n ti wo eré ẹgbẹ́ Hubert Ogunde ní kékeré, tí iṣẹ́ yìí fi wọ̀ wọ́n lọ́kàn. Wọ́n lọ kọ́ ọ ní RADA, ilé-ẹ̀kọ́ eré ìtàgé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n ń ṣe ìtàgé àti tẹlifíṣọ̀n nílùú Ọba, wọ́n sì wà nínú fíìmù *The Dogs of War* ní 1980. Wọ́n padà wálé, wọ́n ṣeré lórí tẹlifíṣọ̀n wa kí fídíò ilé tó gbòde. Ó wá di 2007, wọ́n gba AMAA, wọ́n ti pé ọdún 64. OFR dé ní 2011. Ní 2013, nígbà tí AMVCA, ètò àmì ẹ̀yẹ fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn, kọ́kọ́ wáyé, wọ́n fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ àwọn tó ti ṣe gudugudu méje nínú iṣẹ́ náà. Ní 2016, AMAA tún yẹ tọkọtaya náà sí fún iṣẹ́ gbogbo ayé wọn.

Ṣé o rí i pé mẹ́rin yìí kò jọra? Ti 2007, ìdíje ni, ipa kan nínú fíìmù kan ni wọ́n wò. OFR, ìjọba ló fi wọ́n joyè. Méjì tó kù, wọn kò bá ẹnikẹ́ni du wọ́n, ọpẹ́ iṣẹ́ tó ti pẹ́ ni. Bí ẹ bá wá pò wọ́n mọ́ra bí àdàlú, kò sẹ́ni tó máa mọ èyí tó jẹ́ èwo. Ẹ kọ ẹni tó fún un, ọdún, àti ohun tí wọ́n torí ẹ̀ fún un. Bó bá jẹ́ ipa àtìlẹ́yìn, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Joke Silva gba ti àtìlẹ́yìn ní 2008 fún *White Waters*, lẹ́yìn tí wọ́n ti gba ti olú òṣèrébìnrin, kò sì bu iyì wọn kù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ń wo àmì ẹ̀yẹ ńlá. Ìdíje fíìmù tí à ń sọ yìí, ọmọ àná ni. 2005 ni AMAA bẹ̀rẹ̀, ní Yẹnagóà. Dúró Ládípọ̀, àgbà òṣèré orí ìtàgé, gbé eré wọn *Ọba Kò So* dé Berlin ní 1964, wọ́n kú ní 1978, ọdún 27 kí AMAA tó wà. Bí Bàbá bá lo agbára ọkùnrin wọn lórí ìtàgé, àwọn kéékèèké yẹn gan-an ni ẹ̀rí ìgbà náà. Ilé-ẹ̀kọ́ girama tó fún wọn ní páálí, Bàbá ti lọ ṣeré níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, bóyá pẹ̀lú àtùpà gáàsì.

Alárìnjó ni bàbá tèmi náà. Wọ́n ní àmì ẹ̀yẹ kan ṣoṣo tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri, láti ọ̀dọ̀ àwọn kan tó ṣi orúkọ wọn kọ. Wọn ò bá wọn jà, àmọ́ n kò rí i rí kí wọ́n fi han àlejò. Èyí tí wọ́n ń sọ ni ti Ìkìrun. Wọ́n ṣe ẹrú kan tí olówó rẹ̀ ń febi pa. Nígbà tí eré parí, tí wọ́n ń nu àtíkè nù lẹ́yìn aṣọ títa, obìnrin kan wọlé pẹ̀lú adìẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Láti ìrọ̀lẹ́ ni mo ti ń wò yín, ẹ ò jẹun." Bàbá mi kọ̀, wọn ò pa adìẹ yẹn. Ó bá ẹgbẹ́ kiri nínú bọ́ọ̀sì, ó yé ẹyin sábẹ́ ìjókòó dírẹ́bà. Nígbà tí a ń tẹ ìwé ìsìnkú wọn, a kọ ti ara ògiri sí i. A ò kọ adìẹ náà. Ó ń dùn mí títí di òní.

Fíìmù ṣeé tún wò. Eré orí ìtàgé, bí àwọn tó ṣe é bá ti gbàgbé, ó ti lọ nìyẹn. Bukky Ajayi, àgbà òṣèrébìnrin, gba àmì ẹ̀yẹ AMVCA ní oṣù Kẹta 2016, wọ́n fi ayé sílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún náà. Ní ti Alàgbà Jacobs, Joke Silva ìyàwó wọn ló sọ fún gbogbo ayé ní 2021 pé àìsàn tó ń ba ìrántí jẹ́ ń bá wọn jà. Nítorí náà, má dúró de oṣù tó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ tí ara bá tu Bàbá, fa àpótí yẹn jáde. Gbé fóònù rẹ sílẹ̀ kó máa gba ohùn. Mú èyí tó kéré jù níbẹ̀, fi lé wọn lọ́wọ́, kí o bi wọ́n pé, "Bàbá, eré wo lẹ ṣe níbẹ̀?" Má já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ wọn lẹ́nu.