Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Sítíárìn Bedford tó ti há mọ́ irin

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ akẹ́rù Bedford J kan ti dúró sójú kan lágboolé wa fún ọdún mọ́kànlá. A fẹ́ pààrọ̀ sítíárìn rẹ̀ tó ti sán. A ti tú nọ́ọ̀tì àárín, a fà á títí, kò mì. Mẹkáníìkì ní ká fi hámà ńlá lu orí irin tó gbé sítíárìn náà. Ṣé ká lù ú? (Òǹkàwé, Ògbómọ̀ṣọ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó lù ú. Lára irú ọkọ̀ yìí, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1958, irin sítíárìn lọ tààrà wọ inú àpótí sítíárìn nísàlẹ̀. Bí hámà bá ti bà á lórí, bíárìn inú àpótí yẹn ló ń jìyà rẹ̀. Orí irin á sì fẹ̀ bí olú, nọ́ọ̀tì kò ní wọlé mọ́.

Ìpẹtà ló dì í mú. Eyín wẹ́wẹ́ wà nínú ihò sítíárìn, wọ́n há mọ́ eyín ara irin. Ìpẹtà máa ń wú ju irin tó jẹ lọ, òun ló kún àyè àárín wọn. Kò sí bí èèyàn ṣe lè fi ọwọ́ fa ìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ tú ẹsẹ̀ nẹ́gétíìfù bátìrì, torí wáyà họ́ọ̀nù wà ní àárín sítíárìn. Ẹ yọ bọ́tìnnì họ́ọ̀nù àti súpíríìnì abẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí táyà iwájú kọjú síwájú gan-an, kí ẹ fi pọ́ǹṣì sàmì sí orí irin àti ìdí sítíárìn, kí àmì méjèèjì kọjú síra.

Nọ́ọ̀tì ńkọ́? Ẹ dá a padà sórí irin, kí orí rẹ̀ bá orí irin dọ́gba, kí àyè bíi 5 mm ṣẹ́kù lábẹ́ rẹ̀. Sítíárìn tó há máa ń já lójijì. Bí nọ́ọ̀tì kò bá sí níbẹ̀, àgbọ̀n ẹni tó ń fà á ló máa bá.

Ẹ po ọ́ìlì ATF (ọ́ìlì gíà ọ̀tọ́mátíìkì) àti acetone (irú omi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò) pọ̀ nínú ìgò, ìdajì sí ìdajì. Wọn kì í pò dáadáa, nítorí náà ẹ máa gbọ̀n ọ́n kí ẹ tó kán an sí eyín náà, láàárọ̀ àti lálẹ́, fún ọjọ́ méjì. Ẹ má gbé iná súnmọ́ ọn rárá. Dísù nìkan náà lè ṣiṣẹ́, àmọ́ á pẹ́.

Púlà, irinṣẹ́ tó ń fi bóòtù fa nǹkan yọ, ló kàn. Bí ihò méjì tó ní ojú bóòtù bá wà ní ìdí sítíárìn, ibẹ̀ ni kí ẹ ti fà á. Ẹ rántí pé íǹṣì ni bóòtù ọkọ̀ yìí. Ẹ má fi tipátipá ki bóòtù mílímítà bọ̀ ọ́. Bí kò bá sí ihò, kí ajórin gé irin pẹlẹbẹ méjì tó nípọn tó 12 mm. Kó la ti ìsàlẹ̀ kó lè gba abẹ́ ìdí sítíárìn wọlé, kó sì gé ojú bóòtù 16 mm sí àárín ti òkè. Bóòtù gígùn méjì tí wọ́n kọ 8.8 (àmì agbára bóòtù) sí lórí ni yóò so wọ́n pọ̀. Ẹ má ṣe fi púlà fa apá sítíárìn. Bí ẹ tilẹ̀ fẹ́ jù ú nù, apá á ya, ìdí á ṣẹ́kù sórí irin, kò wá ní sí ohun tí ẹ ó dì mú mọ́.

Ẹ fi wọ́ọ̀ṣà tó nípọn sáàárín bóòtù púlà àti orí irin. Ẹ fún un títí yóò fi le, kí ẹnì kan fi hámà ti ẹ̀gbẹ́ kan ìdí sítíárìn, kí ẹlòmíràn gbá ẹ̀gbẹ́ kejì, kì í ṣe orí irin. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ tún fún un ní ìdámẹ́rin ìyípo. Sùúrù ni gbogbo iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá fi páìpù gùn sípánà kí ó lè yá, ojú bóòtù ló máa jẹ. Nígbà tó bá já, ẹ ó gbọ́ “kọ́ọ̀!”

Bí ó bá ṣì kọ̀, ẹ nu acetone kúrò pátápátá, ẹ fi aṣọ wé ìdí sítíárìn, kí ẹ da omi híhó sí i díẹ̀díẹ̀ nígbà tí púlà ṣì fún un. Ìdí sítíárìn á gbóná ṣáájú irin, á sì fẹ̀ díẹ̀. Iná ajórin á yọ́ ike, ẹ má lò ó.

Kí tuntun tó wọlé, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ eyín náà, kí ẹ fi gríìsì fẹ́ẹ́rẹ́ pa á.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ti lu tiwa kí á tó mọ̀. Nọ́ọ̀tì kò wọlé mọ́. (Òǹkàwé, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ẹ fi fáìlì gé etí tó fẹ̀ náà kúrò yípo, kí ẹ fi fáìlì onígun mẹ́ta la ojú bóòtù tó wó. Ẹ dán nọ́ọ̀tì wò pẹ̀lú ọwọ́ lásán. Sípánà kò gbọdọ̀ kàn án títí yóò fi wọ bí ìyípo mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ di sítíárìn mú, ẹ fà á sókè, ẹ tì í sísàlẹ̀. Bí irin bá ń lọ sókè sódò, ẹ má wa ọkọ̀ náà jáde títí wọn yóò fi tú àpótí sítíárìn, tí wọn yóò sì yẹ bíárìn rẹ̀ wò.